Kátíríìjì Kúkúrú àti Ẹran Ńlá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ọdẹ Mọ̀

  Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ohun kan tí yóò wúlò fún àgbà àti fún ọmọdé. Ọmọ ọdẹ Òkè-Ògùn ni mí. Bàbá mi wá sí Zaria nítorí iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n ìbọn rẹ̀ kò kúrò lára ògiri títí ó fi dàgbà. Èmi fúnra mi kò di ọdẹ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo jẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta ni mo yàn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá mi àti iṣẹ́ tèmi ti pàdé.

Ohun tó fà á ni pé ọmọ àbúrò mi kan wà ní Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tó ti gba ìwé àṣẹ láti máa ṣọdẹ. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kí n ra ìbọn tó ń lo kátíríìjì kúkúrú alágbára, èyí tí wọ́n ń pè ní short magnum. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ fún ẹran ńlá. Àwọn kan ní ọgbọ́n ọjà lásán ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi wádìí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ lẹ́bàá ilé mi pé àwọn yóò ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ìbọn tó lè gba ẹ̀tù ìlọ́po méjì fún àwọn. Mo wá rí i pé ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Texas àti àwọn ará Zaria ń bèèrè: ṣé bí agbára ìbọn bá ṣe pọ̀ tó ni ọdẹ ṣe ń rí ẹran pa tó? Ìdáhùn mi ni pé rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ KÁTÍRÍÌJÌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ti rí ìbọn ṣakabùlà mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í. Ọdẹ á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sínú ọ̀pá ìbọn, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, á wá da ọta sí i, á sì tún dí i. Iná tí yóò ràn án ń wá láti ìdí, yálà láti ara òkúta tó ń ṣáná tàbí láti ara kápù kékeré tí òòlù ìbọn ń lù. Nǹkan mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀: iná, ẹ̀tù, ọta, àti ohun tó dì wọ́n mọ́ra. Kátíríìjì kò ju nǹkan mẹ́rin yìí lọ. Ohun tí àwọn òyìnbó ṣe ni pé wọ́n kó wọn jọ sínú kòròfo idẹ kan, kí ọdẹ lè ti ìdí ìbọn kì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ tí èyí mú wá hàn nínú ìtàn tiwa náà. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, ìbọn gígùn tí a ń kì láti ẹnu ni àwọn ọmọ ogun gbára lé ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó ló bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn tuntun tí a ń kì láti ìdí, irú bíi Snider. Ìbọn wọ̀nyí yá láti kì, ọta wọn sì ń lọ jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ. Wọ́n kúrú ju ìbọn àtijọ́, síbẹ̀ ojú ogun yí padà nígbà tí wọ́n dé. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí a mọ̀ pé gígùn kọ́ ni agbára. Ṣùgbọ́n kúkúrú náà kọ́ ni agbára, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

KÍ NI MAGNUM, KÍ NI KÚKÚRÚ?

Magnum jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Látìn, ó túmọ̀ sí "ńlá". Bí ọta kátíríìjì méjì bá fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n tí kòròfo ọ̀kan gba ẹ̀tù ju ti èkejì lọ, èyí tó gba ẹ̀tù jù ni wọ́n sábà máa ń pè ní magnum. Ẹ̀tù púpọ̀ ń mú afẹ́fẹ́ gbígbóná púpọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń ti ọta lẹ́yìn.

Kí ẹ lè mọ bí agbára náà ti tó, ẹ ronú nípa fọkanáísà tó ń fún táyà mọ́tò yín ní afẹ́fẹ́. Nǹkan bíi 32 lórí ohun èlò ìwọ̀n rẹ̀ ni táyà mọ́tò kékeré máa ń gbà. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọn afẹ́fẹ́ inú ìbọn ráífù lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá ti gbiná, òdiwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pé kò gbọdọ̀ kọjá ni 60,000 fún .30-06, 64,000 fún .300 Winchester Magnum, àti 65,000 fún .300 WSM tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn tó nǹkan bíi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì ti táyà, ní ibi tí kò jìnnà sí ojú ọdẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó. .30 túmọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ínǹṣì. .30-06 jáde ní 1906 fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ sì gbà á mọ́ra. Ní 1963, ilé iṣẹ́ Winchester gbé .300 Winchester Magnum jáde. Ọta kan náà ló ń yìn, ṣùgbọ́n kòròfo rẹ̀ tóbi jù, ó sì gba ẹ̀tù jù.

Nígbà tó di 2001, Winchester kan náà tún mú .300 WSM wá sí ọjà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé kòròfo kúrú, wọ́n sì mú un sanra. Ẹ fi wé igò àti ìkòkò: igò ga, ìkòkò sanra, ṣùgbọ́n omi tí méjèèjì ń gbà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Babańlá rẹ̀ ni .404 Jeffery, kátíríìjì àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣọdẹ erin àti ẹfọ̀n ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ilé iṣẹ́ Remington kò jẹ́ kó pẹ́ tí òun náà fi gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní .300 SAUM. Ní 2008, Ruger àti Hornady pawọ́ pọ̀ ṣe .300 RCM àti .338 RCM.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ṣe é sọ pé ó dára nínú kúkúrú. Èkínní, bí kátíríìjì bá kúrú, irin tí ọdẹ ń fà sẹ́yìn láti kì í yóò kúrú, ìbọn yóò sì fúyẹ́ díẹ̀. Èkejì, ẹ̀tù tó sùn ní kúkúrú àti fífẹ̀ máa ń gbiná dọ́gba. Àwọn tó ń fi ìbọn díje lórí tábìlì ti lo ọgbọ́n yìí láti 1975, nígbà tí kátíríìjì PPC jáde. Ẹ̀kẹta, ó ń fi ẹ̀tù tó dín díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí gígùn ń ṣe.

ÌFIWÉRA

Ẹ wo ọta kan náà tó wúwo tó gíráàmù 11.7 nínú kátíríìjì mẹ́rin. Eré tí mo kọ síbẹ̀ ni èyí tí ọta ń sá bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìbọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

.30-06 (1906): kòròfo gùn tó mìlímítà 63, ọta ń sá bíi mítà 820.
.300 Winchester Magnum (1963): kòròfo gùn tó mìlímítà 66.5, ọta ń sá bíi mítà 900.
.300 WSM (2001): kòròfo gùn tó mìlímítà 53, ọta ń sá bíi mítà 905.
.300 SAUM: kòròfo gùn tó mìlímítà 51, ọta ń sá bíi mítà 900.

Kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ fún wa? Àkọ́kọ́ ni pé àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ẹran tó lè mọ èyí tó bà á nínú wọn. Ohun tí ọdẹ rí gbà lára kúkúrú kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ tó kúrò lára kòròfo, àti ìbọn tó fúyẹ́ díẹ̀ lọ. Èkejì ni pé magnum fi eré bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ju .30-06 àtijọ́ lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò agbára rẹ̀, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí wúlò fún ẹni tó ń yìnbọn láti orí òkè kan sí òkè kejì, níbi tí ẹran wà ní nǹkan bíi mítà 400. Ọdẹ tó ń rí ẹran ní 100 mítà nínú igbó kò nílò rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ kò sí. Nítorí pé kátíríìjì kúkúrú sanra, àyè tí wọ́n ń tò ó sí nínú ìbọn kì í gbà tó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tí mẹ́rin ń wọ̀, mẹ́ta lè máa wọ̀ níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ tó rí pẹ́kí tún lè mú kó há nígbà mìíràn bó ṣe ń wọlé. Ti RCM dára díẹ̀ ní ti àyè, nítorí wọn kò jẹ́ kó sanra tó ti WSM. Bí ìbọn bá sì fúyẹ́ tí agbára ọta kò dín, èjìká ọdẹ ni yóò san gbèsè náà.

Ọjà pẹ̀lú ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. .300 WSM àti .270 WSM ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. SAUM kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kékeré tí Winchester gbé jáde láti 2003, tí wọ́n ń pè ní WSSM, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n ìran náà kò run: 6.5 PRC tó jáde ní 2018 jẹ́ ọmọ RCM, 6.8 Western tó jáde ní 2021 sì jẹ́ ọmọ WSM. Ẹni tó ra ìbọn tí kátíríìjì rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, igi ló rà. Kátíríìjì .30-06, bó ti dàgbà tó, ṣì wà ní ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ta ọta ráífù ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÁFÍRÍKÀ

Ọ̀rọ̀ kúkúrú alágbára yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa kí 2001 tó dé. Ní 1956, Winchester ṣe .458 Winchester Magnum fún àwọn tó ń ṣọdẹ erin àti ẹfọ̀n ní Áfíríkà. Ìbọn ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wọ́nwó, kátíríìjì wọn sì gùn. Winchester fẹ́ kí ọta tó wúwo tó gíráàmù 32 jáde pẹ̀lú eré bíi mítà 655 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti inú kòròfo tó kúrú tó mìlímítà 63.5, kó lè wọ ìbọn tó wọ́pọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Àyè kò tó. Wọ́n ní láti fún ẹ̀tù mọ́ inú kòròfo gan-an kó tó gbà. Nígbà tí kátíríìjì náà bá pẹ́ nílẹ̀, ní pàtàkì nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹ̀tù á dì bíi gáàrí tí omi kàn, kò sì ní jóná tán. Ọta á wá jáde láìní agbára tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹni tó dojú kọ òyà lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹni tó dojú kọ ẹfọ̀n kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan, Jack Lott, rí èyí ní Mozambique ní 1959, nígbà tí ẹfọ̀n tó fi .458 yìn kò kú, tó sì ṣe é léṣe. Ó gba ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá ó ṣe kátíríìjì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní .458 Lott, ọta kan náà ni, ṣùgbọ́n kòròfo rẹ̀ gùn tó mìlímítà 71, kí ẹ̀tù lè rí àyè mí. Àwọn ilé iṣẹ́ ti tún ẹ̀tù .458 àkọ́kọ́ ṣe láti ìgbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dára sí i. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: a lè gé kòròfo kúrú, ṣùgbọ́n a kò lè tan ẹ̀tù jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn kátíríìjì kúkúrú ti 2001 tó jẹ́ ìbọn ẹfọ̀n tàbí erin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ṣọdẹ àwọn ẹran yìí ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, .375 ni òfin tàbí àṣà wọn sọ pé ó kéré jù. Ẹran tí .300 tọ́ sí ni ìran àgbọ̀nrín ńlá, irú bíi elk tí wọ́n ń pa ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó kéré sí i.

IBI TÍ ỌTA BÀ

Bàbá mi máa ń sọ pé ariwo ni ìbọn fi ń lé ẹran, ibi tí ọta bà ló fi ń pa á. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí mo jẹ́ kò rí ohun tí yóò tún ṣe sí gbólóhùn yẹn. Ọta tó wọ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹran ń dá ẹ̀jẹ̀ àti èémí dúró. Ọta tó wọ inú ìfun tàbí itan ń dá ìrora sílẹ̀, ì báà jẹ́ láti inú magnum ló ti jáde. Ohun tó tẹ̀ lé e ni bí wọ́n ṣe ṣe ọta náà. Èyí tó rọ̀ jù yóò fọ́ sára eegun láìwọlé. Èyí tó le jù lè gba inú ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láìṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ìgbà tí mo ṣàlàyé dé ibí lórí fóònù ni ọmọ àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti yá ìbọn .300 WSM kan lò rí. Ó ta òun ní èjìká tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kí òun tó fà á. Ó yìnbọn sí àgbọ̀nrín kan nírọ̀lẹ́, ó bà á, ẹran náà sì sá wọ igbó. Ó wá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó padà lọ ní àárọ̀, kò rí i. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹran yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi." Mo sọ fún un pé àánú tó ṣe é yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n ọdẹ. Ìbọn tó ń dẹ́rù ba ẹni tó mú un kò lè dára fún ẹni náà, bó ti wù kí ìwé ìpolówó rẹ̀ dùn tó.

Èmi náà ní ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ pa ìmàdò kan tó ń ba oko jẹ́ nílé wa. Ó ní ẹ̀tù tí bàbá wa ń wọ̀n kéré jù fún irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ó da ìlọ́po méjì sínú ṣakabùlà, ó sì gún un mọ́lẹ̀. Ìbọn náà kò pa ìmàdò. Ọ̀pá rẹ̀ ló là. Ìka méjì lọ ní ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran dáadáa mọ́ títí ó fi fi ayé sílẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́ nígbà náà. Kò lè parí rẹ̀. Ẹ rántí táyà àti fọkanáísà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ṣe ráífù mọ iye tí irin wọn lè gbà, wọ́n sì ń dán an wò. Ẹni tó fi páìpù omi rọ ìbọn kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń da ẹ̀tù kún un kò sì mọ̀ ọ́n.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ

Àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì láàárín wa, ọ̀rọ̀ kúkúrú àti gígùn kàn yín náà. Kátíríìjì wọn pín sí oríṣi tó gùn tó mìlímítà 70 àti oríṣi magnum tó gùn tó mìlímítà 76. Gígùn yìí ni ti ìgbà tí a bá ti yìn ín tí ẹnu rẹ̀ ti là. Kí a tó yìn ín, ẹnu rẹ̀ wà ní kíká, nítorí náà magnum lè wọ inú ìbọn tí a ṣe fún 70 láìlọ́ra. Nígbà tó bá bú, ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè là, agbára inú rẹ̀ yóò sì lọ sókè gan-an. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn yín, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà lára páálí kátíríìjì.

Èyí tó tún léwu ni kí ènìyàn da oríṣi 12 àti oríṣi 20 pọ̀ sínú àpò kan. Oríṣi 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 lọ, ó lè yọ́ wọ inú ìbọn 12 kó lọ há sí iwájú. Ọdẹ á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á ti 12 bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Bó bá fà á, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kun oríṣi 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ ìyá kan náà ni àṣìṣe yìí àti ti ráífù, níbi tí orúkọ kátíríìjì méjì ti lè jọra tí ara wọn kò sì bára mu. .300 WSM kì í ṣe .300 SAUM, méjèèjì kì í sì í ṣe .300 Winchester Magnum.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin. Ọmọ àbúrò mi tilẹ̀ sọ pé òun lè wá ọ̀nà fi ìbọn kan ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo ní kó gbàgbé rẹ̀. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a kà léèwọ̀ àyàfi bí Ààrẹ bá fún ni láṣẹ. Lára rẹ̀ ni ìbọn ìléwọ́ àti ráífù ológun, tí òfin sì dárúkọ ìwọ̀n wọn: 7.62 mìlímítà, 9 mìlímítà àti .300 ínǹṣì. Ẹ ṣàkíyèsí .300 yẹn, nítorí òun ni nọ́ńbà tó wà lórí kátíríìjì tí a ti ń fi wéra láti òkè. Èkejì ni ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì àti ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, èyí tó nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti ìbọn oníkápù. Òun náà kò ṣe é ní láìgba àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti bàbá òun ni.

Nípa ẹran ńlá pàápàá, ibi tí wọ́n ṣẹ́kù sí ní àríwá níbí jẹ́ ibi tí ìjọba ń dáàbò bò, irú bíi Yankari ní Bauchi àti Kamuku ní ìpínlẹ̀ Kaduna tiwa yìí. Ìṣọdẹ jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ sì mọ irú ìgbà tí a wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2025, ní Uromi ní ìpínlẹ̀ Edo, àwọn èrò kan dá ọkọ̀ àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Kano fún ọdún dúró. Wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú ẹrù wọn, wọ́n fura pé ajínigbé ni wọ́n, wọ́n sì pa mẹ́rìndínlógún nínú wọn. Kò sí ẹni tó dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní ọmọ tó ń gbé ìbọn rìnrìn àjò, ẹ pè é jókòó.

ÌDÁHÙN TÍ MO FÚN UN

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ohun tí mo sọ fún ọmọ àbúrò mi nìyí. Bí o bá ń gun òkè, tí ìbọn fífúyẹ́ sì wù ọ́, kátíríìjì kúkúrú kò burú; .300 WSM lè ṣe ohun tí magnum gígùn ń ṣe, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń ṣọdẹ ní pápá àti ibi tí ẹran kò jìnnà, .30-06 àtijọ́ tó o, owó ọta rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó o bẹ̀rù àti lọ dánra wò. Ra èyí tí o lè yìn láìdijú. Kọ́ ibi tí ọkàn ẹran wà. Bí o kò bá dá ara rẹ lójú, jẹ́ kó lọ. Ẹran yóò tún wá lọ́la.

Ó ra .30-06. Nígbà tó tún pè mí, kò sọ̀rọ̀ eré tàbí agbára mọ́. Ó ní òun ti yin ọta ogójì sí pátákó kí òun tó wọ igbó, àti pé ẹran kan ṣoṣo tí òun pa ní àsìkò náà kò rìn tó ogún ẹsẹ̀ kó tó ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rántí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan jókòó ti òun náà lọ́jọ́ yẹn, bóyá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ì bá fi rán aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn ti ẹnu yín jáde, mo mọ̀ yín, mi ò sì ní dárúkọ yín. Ilé mi kò jìnnà. Ẹ wá kí n fi ọ̀pá ìbọn tó là náà hàn yín. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Á ṣe èyí tó ń bọ̀ lójú gbogbo wa láyọ̀ o.